Ṣòkòtò Káńsílọ̀ Ò Ya

"Mo ní àwọ̀ ewé ni!"

"Búlúù ni, jàre. Ojú ẹ ló ti ń lọ."

"Ojú ta ló ń lọ? Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwọ dígí? Ọkọ̀ akólẹ̀ káńsù, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Tó o bá tún pè é ní búlúù, màá sọ fún gbogbo àdúgbò pé àfọwọ́bà lo fi ń gẹrun fún wọn."

"Sọ ọ́! Ṣé wọ́n á gbà ọ́ gbọ́ ni? Ìwọ tó o rán bọ́tìnnì pupa mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun."

"Oníṣẹ́ẹ̀tì ló ní kí n rán an bẹ́ẹ̀!"

"Irọ́."

"Ìwọ gan-an ni irọ́. Irọ́ tó wọ bàtà."

Bí àgbàlagbà méjì ṣe ń jà nìyẹn, lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, èjìká kan èjìká. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà sì wà níwájú wọn gan-an, ó ń gbé pàǹtí, ó ń tú èéfín. Tí ẹnì kan nínú wọn bá dìde, tó fi èékánná ha ara ọkọ̀ náà díẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán? Látọjọ́ tí káńsù ti ra ọkọ̀ yẹn, omi ò kan ara ẹ̀ rí àfi òjò, òjò gan-an sì máa ń yà fún un. Ìdọ̀tí ló kùn ún. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ ìdọ̀tí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ní àwọ̀ ewé ni, télọ̀ ni. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ihò tí èèrà á dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fi òwú gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ní búlúù ni, onígbàjámọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí ti télọ̀ lódìkejì títì. Orí-Dán lorúkọ tiẹ̀. Irun kan ò sí lórí ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lóun á dá wa láṣọ, tọrùn ẹ̀ la máa kọ́kọ́ wò. Wọn ò sọ ti ẹni tó bá lóun á gẹrun fún wa, ìdí nìyẹn tí Orí-Dán ò fi wá oníbàárà tì rí.

Nígbà kan tí iná mú ṣọ́ọ̀bù Orí-Dán, inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló gbé kílípà ẹ̀ wá. Lápá ọ̀tún wọ́n ń rán aṣọ, lápá òsì wọ́n ń gẹrun, irun sì ń fò wọnú aṣọ. Ọkọ ìyàwó kan họ ara ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó dé ìparí, débi táwọn àna ẹ̀ fi ní ara ọkọ ọmọ àwọn ò yá. Télọ̀ gba èébú yẹn mọ́ra. Kò sọ fún Orí-Dán pé kó kó ẹrù ẹ̀.

"Irun á tán lára aṣọ," ló sọ fún ìyàwó ẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ò gbọdọ̀ tán."

Ìlú wọn kéré. Ó sún mọ́ ìlú ńlá kan débi pé àárọ̀ làwọn èèyàn ń sá jáde lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà wá sùn. Nítorí náà iṣẹ́ káńsù ò ju iṣẹ́ ìyàwó ilé lọ: kí wọ́n kó pàǹtí, kí wọ́n tan iná ojú títì, kí wọ́n gé koríko, kí omi má gbẹ lẹ́nu ẹ̀rọ. Káńsílọ̀ méje ló ń ṣe é, àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan. Alága wọn, obìnrin tó ti ṣe tíṣà rí, ń darí wọn bí ẹni ń darí kíláàsì. Àga tí wọ́n ń jókòó sí pàápàá, àga ọmọ jẹ́léósinmi ni. Ilé ìwé kan ló kógbá sílé tí káńsù rí àga ẹ̀ rà lọ́pọ̀. Káńsílọ̀ tó bá jókòó sórí ẹ̀, orúnkún ẹ̀ á fẹ́ kan àgbọ̀n ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò náà lọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè, ṣùgbọ́n káńsílọ̀ kan ń bẹ tó máa ń na ọwọ́ méjèèjì, akọ̀wé á sì kà á sí ẹni méjì. Wọ́n wá ṣòfin pé ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀, kó dìde dúró. Ẹni tí ò bá fara mọ́ ọn, kó jókòó. Ọwọ́ méjì lèèyàn ní, ìdí kan ṣoṣo ni.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí káńsù ní ọkọ̀ akólẹ̀ ti darúgbó, kò lè máa dúró lẹ́nu ilé kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n á gbé àgbá pàǹtí kan sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn onírin ńlá tí ẹṣin lè wọ̀ tán kó tún yí padà nínú ẹ̀. Gbogbo ilé á máa da pàǹtí síbẹ̀. Ní títì tiwọn, ojú méjì péré ló fẹ̀ tó: iwájú télọ̀ àti iwájú onígbàjámọ̀.

Télọ̀ gbọ́ ọ, ó ti oúnjẹ ẹ̀ sẹ́yìn, ó jáde lọ wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Aṣọ ń mu òórùn bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Ẹnu ọ̀nà ló ń gbé aṣọ tó bá rán tán kọ́ sí, kí ojú tó ń kọjá lè rí i. Ìyàwó wo ló máa wọ aṣọ tó ń rùn bí orí ẹja lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀? Bàbá télọ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ògiri ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò níbòmíì tó fẹ́ lọ.

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́, káńsílọ̀ àdúgbò wọn kó lọ sílùú ọmọ ẹ̀, àyè ṣófo.

"Ìwọ ni kó o dù ú," télọ̀ sọ fún Orí-Dán lórí bẹ́ǹṣì. "Gbogbo orí tó wà ládùúgbò yìí ló ti gba abẹ́ ọwọ́ ẹ kọjá. Ta ni ò mọ̀ ọ́?"

"Tí mo bá wọlé ńkọ́?"

"Kó o bá wọn jà kí wọ́n gbé àgbá yẹn lọ sẹ́yìn táǹkì omi. Ilẹ̀ òfìfo ni."

Orí-Dán gbá orí ẹ̀ pàá. "Wò ó, kí àgbá pàǹtí tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ, orí mi yìí ni wọ́n máa gbé e lé. Ó sì ń yọ̀, kò ní dúró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. Télọ̀ bá rán ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó ní ìlà tín-ínrín, irú èyí tó ń jẹ́ kí òpònú jọ ọlọ́gbọ́n. Ó mú Orí-Dán kiri láti ojúlé dé ojúlé. Bí wọ́n bá ní kí Orí-Dán sọ̀rọ̀, télọ̀ ló ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ni onígbàjámọ̀ mọ̀ nípa ìjọba, á ní, "Ẹni tó ń gbé abẹ sọ́fun yín látọjọ́ yìí tí kò pa yín, kí lẹ tún ń bẹ̀rù?" Orí-Dán wọlé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí káńsù jókòó lórí ọ̀rọ̀ àgbá, káńsílọ̀ tuntun mú ṣòkòtò eérú yẹn wá.

"Ọ̀rẹ́ mi, bá mi fún un sínú díẹ̀. Mo ti rù."

Télọ̀ fi téèpù yí i nídìí. Ó wo téèpù, ó wo ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀. "O rù? Ikùn tó rù lèyí? O ti sanra sí i o."

"Ṣáà fún un. Mo fẹ́ kó gbá mi mú, kí n jọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

"Ó máa gbá ẹ mú débi tó ò ní lè mí."

"Èmi ni mo fẹ́ mí, àbí ìwọ?"

Káńsílọ̀ ti sọ̀rọ̀. Télọ̀ fún un sínú. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kì í rán ohun tó máa dójú ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní gbangba. Ó tú ìsàlẹ̀ ìdí ṣòkòtò náà, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, ó fi ègé aṣọ kékeré kan há a láàárín, kó lè máa nà bí èèyàn bá tẹ̀. Ojú ẹni tí kì í ṣe télọ̀ ò lè rí i. Kò sì sọ fẹ́nì kankan. Ṣé èèyàn ń ròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni? Ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Télọ̀ àtìyàwó ẹ̀ jókòó níwájú láàárín àwọn ará ìlú. Káńsílọ̀ mẹ́fà ká ara wọn sórí àga ọmọdé. Orí-Dán nìkan ló fẹ̀yìn ti ògiri, ó dúró, ó ń fi páálí fẹ́ ara ẹ̀.

Alága kàn tábìlì. "Àwọn òṣìṣẹ́ wa ní iwájú télọ̀ ló dáa jù fún àgbá. Káńsílọ̀ àdúgbò, ṣé ẹ lọ́rọ̀ kan láti sọ?"

Télọ̀ rọra na ọrùn. Táǹkì omi, ó ń sọ ọ́ nínú. Sọ táǹkì omi.

"Rárá o, Alága," ni Orí-Dán wí.

"Ó dáa. Ẹni tó bá fara mọ́ iwájú télọ̀, kó dìde. Tí wọn ò bá pọ̀ tó, iwájú onígbàjámọ̀ ló kàn."

Mẹ́ta dìde. Mẹ́ta jókòó. Orí-Dán wà lára ògiri.

Télọ̀ ń retí kó jókòó. Àga ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣófo, ó kéré, ó ń wò ó. Ó wojú ọ̀rẹ́ ẹ̀. Orí-Dán ń wo àjà, bí ẹni pé wọ́n kọ orúkọ bàbá ẹ̀ síbẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Jókòó.

"Mẹ́rin dìde," akọ̀wé ní. Alága kàn tábìlì. Ó parí.

Ara télọ̀ tutù bí ara ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára ẹ̀ lọ́jà.

Lóde, ó di Orí-Dán mú lápá. "Kí lo ṣe yẹn?"

"Ṣòkòtò ni!" Orí-Dán pariwo, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Ó fún mọ́ mi nídìí! Mi ò lè jókòó sórí àga kékeré yẹn. Tí mo bá tẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó máa ya, ìdí káńsílọ̀ á sì di ìran wíwò. Ìwọ lo rán an, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò bínú sí ẹ o."

Kò bínú! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹni ló tún ń foríji ẹni.

Àdúgbò sì gbà á gbọ́. Ara Orí-Dán yọ̀, ẹnu ẹ̀ náà yọ̀. Wọ́n ní ṣòkòtò télọ̀ ló fa àgbá pàǹtí wá síwájú télọ̀ fúnra ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti ń wọ ṣòkòtò ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ mú un padà wá, ó ní kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, òun ti ń bẹ̀rù àtijókòó. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, wọ́n ń fẹnu ṣe ìró aṣọ tó ya. Bẹ́ǹṣì ò lẹ́nì kankan lórí. Télọ̀ á jáde, á wò ó, á padà sídìí máṣíìnì ẹ̀.

"O rántí pé òun ló ní kó o fún un?" ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Mo rántí."

"Ó sì ti sanra nígbà yẹn."

Télọ̀ náà ti rò ó dé ibẹ̀. Nígbà tó ń fi téèpù yí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nídìí, tó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, tí píìnì wà lẹ́nu ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń wo orí ẹ̀ látòkè, ó sì ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ìyẹn ló ń dùn ún ju àgbá lọ.

Ìyàwó télọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sunkún lásán. Ó kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, wọ́n lọ bá Alága pé kó tún ìbò yẹn yẹ̀ wò. Nígbà tí káńsù tún jókòó, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Orí-Dán tún wọ ṣòkòtò eérú náà wá, ó tún fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n lè rí ìyà tó ń jẹ ẹ́.

Alága wo gbogbo wọn bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ. "Òfin wa ní tí káńsílọ̀ bá dìde torí àìsàn tàbí ohun tó ju agbára ẹ̀ lọ, ìbò yẹn bà jẹ́, a gbọ́dọ̀ tún un dì. Káńsílọ̀ àdúgbò, ṣé lóòótọ́ lẹ ò lè jókòó lọ́jọ́ yẹn?"

Orí-Dán ò mọ̀ pé òfin bẹ́ẹ̀ wà. Òógùn bọ́ sórí ẹ̀, kò rí irun dì mú, ó ṣàn wá sójú. "Bẹ́ẹ̀ ni… mi ò lè jókòó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A máa tún ìbò dì. Ẹ bá wọn gbé àga gíga wá látọ́fíìsì mi, kí wọ́n lè jókòó tàbí kí wọ́n dìde bó ṣe wù wọ́n."

Gbogbo àdúgbò yíjú sí Orí-Dán. Kò sí ṣòkòtò tó máa gbà á sílẹ̀ báyìí. Bó bá dìde, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Bó bá jókòó, àgbá di tiẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Ìyàwó télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di etí aṣọ ọkọ ẹ̀ mú gírígírí, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá àwọn ọmọ, má sọ nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ṣáà panu mọ́."

Télọ̀ panu mọ́. Ó panu mọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

"Akọ̀wé," Alága ní, "ẹ kọ ọ́ pé ṣòkòtò tí wọn ò rán dáa ló fà á."

"Kí lẹ ní?"

Télọ̀ ti dìde. Etí aṣọ ẹ̀ kù sọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀.

"Ṣòkòtò ta ni wọn ò rán dáa? Alága, ẹ má bínú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n irọ́ ni! Láyé èmi, ṣòkòtò mi kan ò ya rí! Mo fi ègé aṣọ há a nídìí. Ó ń nà! Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọ̀ ọ́ kó fi jó, kó fi gun igi, kó fi bẹ́ gìjà!"

"Jókòó!" ìyàwó ẹ̀ ń kígbe.

"Òun ni kó jókòó! Orí-Dán, jókòó! Kí ayé rí ẹ!"

Orí-Dán wo télọ̀. Ojú ẹ̀ tó ti rọ bí ewé tí oòrùn pa bẹ̀rẹ̀ sí í là, díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń rì sómi tó wá rí okùn. Ó rìn lọ sídìí àga kékeré. Ó tẹ̀. Ó ń tẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin bo ojú, wọ́n ń yọjú láàárín ìka. Ìdí ẹ̀ kan àga.

Nǹkan kan ò ya.

Ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Nǹkan kan ò ya. Ó ju ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ọmọ jòjòló.

"Há! Ọ̀rẹ́ mi, o mọṣẹ́ o!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Télọ̀ tẹrí ba sápá ọ̀tún, ó tẹrí ba sápá òsì. Ìyàwó ẹ̀ nìkan ló gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

Alága bọ́ dígí ojú ẹ̀. "Ṣé ó jókòó? Ó jókòó. A jẹ́ pé ó lè jókòó lọ́jọ́ yẹn náà. Ó dìde torí ó wù ú láti dìde. Ìbò àtijọ́ dúró." Ó kàn tábìlì.

"Ẹ gbọ́ ọ!" télọ̀ ń nàka. "Ó lè jókòó, kò jókòó! Ọ̀dàlẹ̀ ni! Mo ti tú u síta!"

Káńsílọ̀ ń tú ká. Àwọn méjèèjì wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, èjìká kan èjìká, bí ìgbà tí wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Nígbà tí mo ń wọn ìdí ẹ," télọ̀ ní, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Torí àgbá pàǹtí."

"Ìwọ, wọ́n á gbé aṣọ wọn sílẹ̀ fún ẹ, wọ́n á lọ," Orí-Dán ní. Kò lè wo ojú ẹ̀. "Èmi, orí ni wọ́n ń gbé wá. Orí ò ṣeé gbé sílẹ̀ kéèyàn máa lọ. Ta ló máa jókòó sínú òórùn yẹn?"

"Ò bá sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní bá mi tún ṣòkòtò náà rán."

Télọ̀ ronú sí i. "Màá bá ẹ tún un rán," ló ní. "Ìyẹn ni o ò mọ̀."

Ó kúrò níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Bàbá àwọn ọmọ, o rí i pé ẹnu ẹ ló kó wa sí i?"

"Ẹnu mi ló yọ wá. Ṣé o rí bó ṣe ju ẹsẹ̀ sókè? Òwú kan ò já."

"Àgbá ń bọ̀ o!"

"Kó máa bọ̀. Orúkọ mi ti mọ́."

Lóòótọ́, àgbá ń bọ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ yọ ní kọ̀rọ̀, ó gbé onírin ńlá náà sẹ́yìn, ó dorí kọ títì wọn. Káńsù ti fọ ọkọ̀ náà nítorí ọjọ́ ńlá. Ó ń dán. Ó búlúù débi tí ojú ọ̀run á fi jowú ẹ̀.

"Ojú-Abẹ́rẹ́!" Orí-Dán pè é látorí àtẹ̀gùn káńsù, pẹ̀lú ohùn bẹ́ǹṣì, ohùn ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn. "Wò ó! Ṣé o rí i? Búlúù ni!"

Télọ̀ dúró. Ó wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó wò ó dáadáa, pẹ̀lú ojú tí kì í wọ dígí.

"Àwọ̀ ewé ni," ló ní, láìwẹ̀yìn.

Ó gbé àyà sókè, ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń gbé àgbá lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé kí wọ́n lọ béèrè ní káńsù: ṣòkòtò náà ò ya.